Ráótà Tòkúnbọ̀: Bí A Ṣe Lè Mọ Irú Èyí Tó Jẹ́ àti Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ kú ìdúró. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ráótà tòkúnbọ̀, ẹ̀rọ oníná tí àwa oníṣẹ́ igi ń fọwọ́ gbé láti fi gbẹ́ igi, bí èèyàn ṣe lè mọ irú èyí tó jẹ́ àti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Mo mọ ohun tó fa ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń rà á nínú ẹrù tó ti ìlú òyìnbó dé, ẹni tó ń tà á kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu ju "ọ̀gá, orígínà ni, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa" lọ. Orígínà ti ta? Ti ọdún wo? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tán lẹ́nu wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbà lónìí kò pọ̀. Ẹ má bi ẹni tó ń tà á ní ọjọ́ orí ráótà, ẹ má sì fi àwọ̀ rẹ̀ díwọ̀n. Ara ẹ̀rọ náà ni kí ẹ bi. Ara rẹ̀ kì í sábà pe ọdún kan ní pàtó, àmọ́ ó sábà máa ń sọ ọdún tí kò lè ṣáájú, àti ọdún tí kò lè kọjá. Bí ẹ bá ti rí ààlà méjèèjì, ohun tí ẹ ń wá ti há sáàárín.

Kí la fẹ́ fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe? Kì í ṣe pé ti àtijọ́ burú. Èmi yóò yan ráótà àtijọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (ẹnu tó ń di bíìtì, irin tó ń gé igi, mú) ṣì mọ́ yangan ju tuntun kan tí mi ò mọ ẹni tó ṣe é lọ. Nítorí kábọ̀n tó ń gbé iná wọnú ẹ́ńjìnnì ni a ṣe ń wá a, àti kọ́lẹ́ẹ̀tì, àti bẹ́ríǹ, àti iná tí yóò jẹ. Bí kábọ̀n bá jẹ tán tí ẹ kò mọ orúkọ ẹ̀rọ yín, ẹ ó kàn máa fi fáìlì gé kábọ̀n ẹ̀rọ mìíràn kí ó lè wọlé ni, iná á sì máa ta nínú rẹ̀ títí yóò fi jó.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni àwo orúkọ, pẹlẹbẹ kékeré tó wà lára ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Eruku igi àti gírísì ti dì mọ́ ọn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí kò sẹ́ni tó lè kà á. Ẹ fi àkísà tó ní kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún jẹ́jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo tínà, torí yóò bó àwọn lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi sándípépà kàn án rárá. Bí ó bá mọ́ tán tí kò tíì ṣeé kà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa rá lórí àwo náà, ẹ má tàn án sí i lójú gangan. Lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ tàbí tí wọ́n lù wọnú irin yóò ní òjìji, ẹ ó sì rí i. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó máa gbọ́ owó tí wọ́n ń pè.

Ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni orúkọ ilé iṣẹ́, nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì, volt, wáàtì tàbí ampere, iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà nìkan ní, àti nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ kékeré kan, "Type 1" tàbí "Type 3". Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ilé iṣẹ́ bá yí nǹkan padà nínú ẹ̀rọ láìyí orúkọ rẹ̀ padà, Type ni wọ́n ń yí. Ráótà méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí súìṣì ọ̀kan má wọ ìkejì, torí Type wọn kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n lo Elu láti ṣàlàyé, torí kò sí ìtàn tó fi ọ̀nà yìí hàn bí tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Jámánì ni Elu, orúkọ Eugen Lutz ni wọ́n sì gé kúrú tó fi di Elu. Ọdún 1949 ni wọ́n gbé irú ráótà tí a ń tẹ̀ wọnú igi jáde, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gun ọ̀pá méjì lọ sókè sódò. Kí wọ́n tó ṣe é, ráótà tí a ń fọwọ́ gbé a máa dúró lójú kan ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí bíìtì bọ́ sáàárín pákó, àfi kí ẹ dẹ ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ máa gbàdúrà. Nínú àwọn ọmọ Elu, méjì ni ẹ ó máa bá pàdé nínú ẹrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: MOF 96, èyí tó kéré, àti MOF 177, èyí tó tóbi tó sì ń gba bíìtì oní-ìdajì-ínṣì.

Ọdún 1984 ni Black & Decker, ilé iṣẹ́ irinṣẹ́ Amẹ́ríkà, ra Elu. Wọn kò pa orúkọ náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n ní àwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ń pè wọ́n ní DeWalt, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n gbé fún alágbàtọ́ tó yí orúkọ rẹ̀ padà: egungun rẹ̀ kò yí. MOF 177 ló di DW625. MOF 96 ló di DW613. Ẹni tó bá gbé MOF 177 ti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ DW625 yóò rí i pé ọmọ bàbá kan ni wọ́n.

Ẹ wo bí ìtàn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ fún wa. Bí ẹ bá rí Elu lára ráótà, tí orúkọ Black & Decker tún wà níbì kan lára àwo rẹ̀, kò lè ṣáájú 1984. Bí ó bá ti ń jẹ́ DeWalt, ọdún 1992 sókè ni. Lóòótọ́, orúkọ DeWalt ti wà láti 1924, tí Raymond DeWalt dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ayùn ńlá tó ń dúró lórí tábìlì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́; ọdún 1992 ni Black & Decker tó gbé orúkọ náà sára àwọn irinṣẹ́ tí a ń fọwọ́ gbé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé DW625 òun jẹ́ ti 1985, ẹ rẹ́rìn-ín sí i kí ẹ sì dín owó tí ẹ fẹ́ san.

DeWalt ti òde òní tilẹ̀ ti gba wàhálà yìí lọ́wọ́ wa. Ẹ má wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lórí àwo. Wọ́n lù ú wọnú ara ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ọdún ló máa ń ṣáájú, ọ̀sẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àmì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. "2008 32" túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2008. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, àwọn àmì tó wà lára ohun tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Yúróòpù. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí òfin ló fi wọ́n síbẹ̀, òfin sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá kà "Made in W. Germany" tàbí "West Germany" lára ráótà, wọ́n ti ṣe é kí Jámánì méjèèjì tó padà di ọ̀kan ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1990. Bí ẹ bá rí lẹ́tà CE tó tóbi tó sì rí roboto, ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ yẹn pè é lábẹ́ òfin, láti ìbẹ̀rẹ̀ 1995 sì ni ẹ̀rọ tuntun kankan kò ti gbọdọ̀ wọ ọjà Yúróòpù láìní in. Bí ẹ bá rí àwòrán agolo ìdalẹ̀ tó ní àgbá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìlà dúdú tó nípọn lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2005 ló dé ọjà. Bí ó bá sì ní UKCA, kò tíì pẹ́ rárá: 2021 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lẹ́yìn tí wọ́n jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù.

Volt náà ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ 240, Jámánì a máa kọ 220, kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan lórí 230. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1995 ni wọ́n yí i padà. Ẹ̀rọ tó kọ 240 nìkan, tí kò sí CE lára rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ṣeé ṣe kó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo ní ó ṣeé ṣe, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan kò tètè yí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ padà.

Àmì tó wà ló lágbára o. Èyí tí kò sí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. CE tí ẹ rí ti fi ẹsẹ̀ ọdún múlẹ̀. CE tí ẹ kò rí lè jẹ́ pé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló ti ṣí. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà sì ń tẹ CE. Bẹ́ẹ̀ ni àìsí CE lára ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò túmọ̀ sí ohunkóhun, òfin Yúróòpù kò dé ibẹ̀. Púlọ́ọ̀gì àti wáyà ńkọ́? Ẹ má gbára lé wọn. Ta ni kì í pààrọ̀ wáyà níbí?

Orúkọ ilé iṣẹ́ tó yí padà tún wà lọ́pọ̀lọpọ̀. Festool tí gbogbo ayé ń yìn yìí, Festo ni wọ́n ń pe irinṣẹ́ wọn títí di 2000. Ráótà tó bá kọ Festo ti ju ọmọ ogún ọdún lọ. Hitachi di HiKOKI ní 2018, nítorí náà M12V2 lè jẹ́ Hitachi, ó sì lè jẹ́ HiKOKI, ọdún yẹn ni ààlà. Black & Decker fúnra rẹ̀ sọ "&" inú orúkọ rẹ̀ di "+" ní 2014. Bosch kò yí orúkọ padà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà oní-dígíìtì mẹ́wàá tó wà lórí àwo: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 601 jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe fún oníṣẹ́ ọwọ́, 0 603 sì jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ ewé tí wọ́n ṣe fún ẹni tó kàn fẹ́ ṣe nǹkan nínú ilé ara rẹ̀. GOF ni ti oníṣẹ́, POF ni ti onílé. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sábà máa ń jẹ́ wáàtì rẹ̀, bíi GOF 1600 CE. E tó gbẹ̀yìn ń sọ pé ẹ lè dín eré rẹ̀ kù, C ń sọ pé eré náà kò ní rẹlẹ̀ bí igi bá le. Ẹ ó tún rí lẹ́tà FD pẹ̀lú nọ́ńbà mélòó kan. Ibẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é pamọ́ sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún tí ẹ lè kà tààrà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀yà Bosch yóò bá yín túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ní ìṣòro tirẹ̀. Porter-Cable, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York ní 1906, bọ́ sọ́wọ́ Rockwell ní 1960. Rockwell fi orúkọ ara rẹ̀ sára àwọn ráótà náà títí Pentair fi rà á ní 1981 tí orúkọ Porter-Cable sì padà wá. Black & Decker ló rà á lọ́wọ́ Pentair ní 2004. Nítorí náà, ráótà tó kọ Rockwell, tí ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tó wúwo, àárín 1960 sí 1981 ni kí ẹ fojú sí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ilé iṣẹ́ Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Positec, àwọn tó ni Worx, ti ń lo orúkọ Rockwell fún irinṣẹ́ tuntun. Rockwell oníke tó fúyẹ́ lọ́wọ́ kò bá ti àkọ́kọ́ tan níbì kankan.

Craftsman tún nìyí, orúkọ irinṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn. Sears, ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà, ló ni ín tó sì ń tà á títí di 2017 tí ó ta orúkọ náà, Sears kò sì ní ilé iṣẹ́ ráótà kankan tirẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a ṣe é. Nọ́ńbà tó ṣáájú àmì ìdánudúró nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì ló ń tú àṣírí ẹni tó ṣe é. Èyí tí ẹ ó máa rí jù lórí ráótà wọn ni 315, iṣẹ́ Ryobi nìyẹn, iṣẹ́ Singer sì ni kí Ryobi tó gbà á. Ẹni tó bá ń wá kábọ̀n Craftsman láìmọ èyí yóò wá a títí.

Ẹ má sì jẹ́ kí agbára ẹṣin tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tàn yín jẹ. Porter-Cable 7518, ẹ̀rọ gidi ni, mi ò bú u, àmọ́ wọ́n kọ agbára ẹṣin mẹ́ta àti ìdámẹ́rin sí i, wọ́n sì kọ 15 ampere. Ìlọ́po 15 àti 120 volt jẹ́ 1800 wáàtì. Agbára ẹṣin kan jẹ́ 746 wáàtì. Ẹ pín in fúnra yín, ẹ ó rí i pé kò pé méjì àbọ̀. Ampere ni kí ẹ máa kà.

Ẹ̀yin ará, apá tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé ni èyí. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 110 volt ni irinṣẹ́ wọn ń jẹ, nítorí ààbò àwọn òṣìṣẹ́; púlọ́ọ̀gì wọn jẹ́ ìyeyè tó rí roboto. Irinṣẹ́ wọ̀nyẹn ń wọ ọjà wa dáadáa. Kí ó tó dé iwájú yín, wọ́n ti gé púlọ́ọ̀gì ìyeyè yẹn sọnù, wọ́n ti fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa sí i. Ẹ gbé e délé, ẹ tì í bọ iná 230 volt ti NEPA, ó ké tantan bí kò ṣe yẹ kó ké, òórùn jáde, koìlì ti jó. Ẹni tó tà á á ní àwọn dán an wò lójú yín. Ó dán an wò lóòótọ́, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, láìfi bíìtì kan igi. Ẹ wo volt lórí àwo kí ẹ tó jẹ́ kó tàn án rárá.

Lórí DeWalt, ìparí nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì tún ń sọ ọ́. Èyí tó parí sí LX jẹ́ 110 volt ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó parí sí GB ni 240 tiwọn, QS sì ni ti ìyókù Yúróòpù. Makita tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní /1 fún 110, /2 fún 240, àmọ́ ara páálí ẹ lè rí ìyẹn ju ara ẹ̀rọ lọ. Bí ẹ bá ti ra oní-110 ná, ẹ má jù ú nù. Ẹ wá tíráńsífọ́má tó lè gbé e. Ráótà tó ń jẹ 1850 wáàtì yóò fẹ́ èyí tó tó 3 kVA. Ti Amẹ́ríkà náà nílò tíráńsífọ́má. Ọ̀rọ̀ 60 Hz tó kọ sí i kò yẹ kó bà yín lẹ́rù, torí ẹ́ńjìnnì tó ń lo kábọ̀n kò bá a ní wàhálà. Volt ni ọ̀tá.

Bí àwo orúkọ kò bá sí rárá ńkọ́? Ẹ tú ìdérí ọwọ́ rẹ̀ tàbí ìdérí òkè tó jẹ́ ike, ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ẹ ó rí ìyípo kékeré kan tí wọ́n dà mọ́ ike náà, kò ju ojú bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Nọ́ńbà 1 títí dé 12 wà yí i ká, ọfà kan wà láàárín tó nà sí ọ̀kan nínú wọn, dígíìtì méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà náà. Ọfà ń tọ́ka sí oṣù, dígíìtì méjì náà ni ọdún. Bí ọfà bá nà sí 4 tí ẹ sì rí 97, oṣù kẹrin 1997 ni wọ́n da ike yẹn. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n tò ó pọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè dàgbà ju ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ, àfi bí ẹnì kan bá ti pààrọ̀ ìdérí. Ẹ wo méjì tàbí mẹ́ta. Bí ọdún wọn bá súnmọ́ ara wọn, ẹ lè gbà á gbọ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ kọ́ ló ń fi sí i, alumíníọ́ọ̀mù kì í sì sábà ní in.

Lẹ́yìn èyí, kọ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ̀n ihò rẹ̀ pẹ̀lú kálípà, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ìdajì ínṣì jẹ́ 12.7 mílímítà, bẹ́ẹ̀ bíìtì Yúróòpù kan wà tó jẹ́ 12 géérégé. Ìdámẹ́rin ínṣì jẹ́ 6.35, èyí tó súnmọ́ ọn jẹ́ 6. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bíìtì 12 tí ẹ fún mọ́ inú kọ́lẹ́ẹ̀tì 12.7 lè dúró títí yóò fi kan igi líle, tó ń yí ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ní ìṣẹ́jú kan. N kò fẹ́ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọ̀gá kan béèrè bóyá kí òun ra MOF 96 tí wọ́n gbé wá fún òun, nígbà tí kò sí Elu mọ́. Mo ní kí ó rà á, bí kọ́lẹ́ẹ̀tì bá dára tí owó rẹ̀ kò bá ga jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ pé DW613 ni àbúrò rẹ̀ ṣì lè rí, ráótà Trend T5 sì jọ ọ́ débi pé ọ̀pá àti ìtọ́sọ́nà ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan ń wọ ìkejì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá béèrè ohun tí òun máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta ẹ̀yà. Mo ní kí ó fi fọ́tò àwo orúkọ ránṣẹ́ lódindi, pẹ̀lú Type rẹ̀, fọ́tò kábọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, kí ó sì kọ ìwọ̀n gígùn, ìbú àti nínípọn kábọ̀n náà ní mílímítà. Kábọ̀n tí kò tíì jẹ tán ni kó wọ̀n fún gígùn, bí ó bá ṣì ní ọ̀kan.